Bí a ṣe ń ya fọ́tò bàálù nínú oòrùn ọ̀sán: ìtọ́sọ́nà fún Chicago Air and Water Show

Lọ́dọọdún, bí ìran bàálù oṣù Kẹjọ bá ti parí ní Chicago, irú fọ́tò kan náà ló máa ń kún orí WhatsApp wa: ojú ọ̀run funfun báláú, bàálù dúdú kirikiri láàárín rẹ̀, èèyàn ò lè mọ̀ bóyá Blue Angels (ẹgbẹ́ bàálù ìran ti ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà) ni tàbí ẹyẹ. Ẹlòmíràn rí àwọ̀ bàálù náà yà, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ rí wúruwùru. Àtẹni tó lo fóònù, àtẹni tó ra lẹ́ńsì olówó gọbọi, ohun kan náà ló ń ṣe wọ́n.

Kámẹ́rà kọ́ ló fa èyí. Wọn ò wo ibi tí oòrùn wà kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà sójú ni. Bàálù tó dúdú ní ìṣẹ́jú yìí, bó bá dẹ̀gbẹ́ díẹ̀, á tàn yanran, ẹ ó sì rí àwọ̀, nọ́ńbà àti orí awakọ̀ rẹ̀ kedere. Gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú oòrùn líle kò ju pé kí ẹ mọ ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ tó tàn yóò kọjú sí yín, kí kámẹ́rà yín sì ti wà ní sẹpẹ́ kó tó dé.

North Avenue Beach ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ibẹ̀ ni àárín gbùngbùn ìran náà. Ẹni tó bá ń lọ síbòmíràn lè lo ìlànà kan náà, kó kàn tún wo ìhà tí oòrùn wà níbẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

- Kámẹ́rà tó ṣe é pààrọ̀ lẹ́ńsì, tó sì lè ya fọ́tò léraléra láìdúró.
- Lẹ́ńsì tó dé 400mm. 100-400mm tàbí 150-600mm dára. Bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ APS-C (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ojú tó ń gba àwòrán, kéré), 300mm ṣì lè ṣiṣẹ́.
- Ìbòrí iwájú lẹ́ńsì, èyí tí ọ̀pọ̀ ń jù sínú páálí. Ẹ yọ ọ́ jáde, oòrùn tó ń ta wọ lẹ́ńsì láti ẹ̀gbẹ́ ló máa ń jẹ́ kí fọ́tò ṣì.
- Fílítà ND8 (gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kù) tó bá ojú lẹ́ńsì yín mu.
- Bátìrì méjì, káàdì mẹ́mọ́rì méjì.
- Aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Ẹ ó rí iṣẹ́ rẹ̀ níwájú.
- Fìlà, ìpara tó ń dènà oòrùn, omi tó pọ̀, àti ohun tí ẹ máa fi dí etí àwọn ọmọdé.

Ẹ fi ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà sílé. Láàárín èrò, ẹsẹ̀ ènìyàn ni yóò máa kọ́, kò sì ní jẹ́ kí ẹ lè yí ara tẹ̀ lé bàálù. Ẹ fi dúróònù náà sílé, ìjọba kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fò ó lágbègbè náà nígbà tí ìran ń lọ.

1. Ẹ yan ibi ìdúró

Etí adágún Michigan, níbi tí ìran náà ti ń wáyé, kọjú sí ìlà oòrùn. Nítorí náà, ní òwúrọ̀, iwájú yín lápá ọ̀tún ni oòrùn wà, ẹ̀gbẹ́ bàálù tí ẹ kò rí ló ń tàn sí, òjìji rẹ̀ ni ẹ̀ ń wò. Ní àárín oṣù Kẹjọ, nǹkan bí aago kan ọ̀sán ni oòrùn máa ń dé góńgó ní Chicago, kì í ṣe aago méjìlá, torí aago ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ń lò. Nígbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún yín ló wà, níhà gúúsù, ó sì ga tó nǹkan bí dígírì 60. Lẹ́yìn aago kan ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọra bọ́ sẹ́yìn yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èrò ti ń ṣe àṣìṣe nìyí: wọ́n á lọ jókòó sí ìhà àríwá, lọ́nà Fullerton, torí pé èrò kò pọ̀ jù níbẹ̀. Láti ibẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ wo àárín ìran, gúúsù lẹ máa kọjú sí, oòrùn yóò sì máa wo yín lójú látàárọ̀ dọ̀sán. Ìhà gúúsù ni kí ẹ dúró sí, láàárín North Avenue Beach àti Oak Street Beach, kí ẹ máa wo òkè adágún sápá àríwá. Bàálù á jìnnà sí yín díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí tí mo fi ní kí lẹ́ńsì dé 400mm nìyẹn. Èmi á yan ìmọ́lẹ̀ tó dára ju bàálù tó sún mọ́ni lọ nígbàkúùgbà.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìran ni wọ́n sábà máa ń dánrawò. Ẹni tó bá lè gba àyè níbi iṣẹ́, kó lọ lọ́jọ́ náà. Èrò kì í pọ̀, ẹ ó sì ti mọ ibi tí bàálù kọ̀ọ̀kan ń gbà wọlé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọjú síbi tí ẹ fẹ́ yà, kí ẹ wo òjìji ara yín nílẹ̀. Bó bá wà níwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ibẹ̀ dára. Bó bá wà lẹ́yìn yín, ẹ kó ẹrù.

2. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà gbóná kí ẹ tó ṣí i

Ooru oṣù Kẹjọ létí adágún máa ń ní ọ̀rinrin nínú. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà jáde láti inú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù, lẹ́ńsì á làágùn bí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú fíríìjì. Ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì tí ẹ pa dé fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹ má fi aṣọ nù ún léraléra, ìrì náà á tún padà.

Lẹ́ńsì tí ẹ fẹ́ lò, ẹ ti fi í sórí kámẹ́rà láti ilé. Iyanrìn tó bá wọ inú kámẹ́rà ní etí omi kì í jáde bọ̀rọ̀.

3. Ẹ fi ọwọ́ ṣètò ìmọ́lẹ̀

Ẹ yí kámẹ́rà sí M (Manual, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń ṣètò ìmọ́lẹ̀). Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n nínú oòrùn tí kò sí kùrukùru, òun ló rọrùn jù. Bí ẹ bá fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún kámẹ́rà, ojú ọ̀run ló máa wò, torí òun ló gba fọ́tò náà kan. Ojú ọ̀run mọ́lẹ̀, kámẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ kù, bàálù á dúdú. Bí bàálù bá sọ̀ kalẹ̀ síwájú omi adágún tó ṣókùnkùn, kámẹ́rà á tún fi kún un, bàálù á funfun jù. Bẹ́ẹ̀ oòrùn tó ń tàn sára bàálù kò yí padà láti ìṣẹ́jú kan sí èkejì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: ISO 200 (bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó), f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; nọ́ńbà ńlá, ihò kékeré), ṣọ́tà 1/1000 (kámẹ́rà á ṣí fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Fọ́mátì RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì ṣàtúnṣe sí), kì í ṣe JPEG nìkan, torí ohun tó bá fara pamọ́ sínú òjìji ikùn bàálù, inú RAW lẹ ti lè rí i gbà padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun funfun kan tí oòrùn ń tàn sí bó ṣe ń tàn sí bàálù, bí aṣọ ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Ẹ yà á. Ẹ tan ìkìlọ̀ tó máa ń ṣẹ́jú sí ibi tó bá funfun jù. Bí aṣọ náà bá ń ṣẹ́jú, ẹ gbé ṣọ́tà sókè sí 1/1250, kí ẹ tún dán an wò.

Ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ lọ́dún náà tún ṣe pàtàkì. Ọdún kan lè jẹ́ Thunderbirds (ti ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà), ọdún kejì Blue Angels. F-16 àwọn Thunderbirds funfun, funfun náà sì ń tètè jóná nínú fọ́tò, ìyẹn ni pé á funfun báláú, ẹ ò ní rí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́. 1/1600 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Super Hornet àwọn Blue Angels jẹ́ búlúù tó dúdú, lẹ́tà àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sì jẹ́ yẹ́lò. Èyí fẹ́ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i: ISO 320, f/8, 1/1250. Ẹ ṣọ́ yẹ́lò náà, òun ni yóò kọ́kọ́ jóná.

Bí kùrukùru bá bo oòrùn lójijì, gbogbo ohun tí mo kọ yìí á yí padà. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ní C1 àti C2. Ẹ tọ́jú ètò oòrùn sínú C1, kí ẹ sì fi ètò kan náà pẹ̀lú ISO 800 sínú C2. Ìyípadà náà kò ní ju kí ẹ fi ìka yí bọ́tìnnì kan lọ.

Nípa wíwo fọ́tò lójú oòrùn: ẹ ò ní rí nǹkan kan lẹ́yìn kámẹ́rà. Ẹ fi aṣọ dúdú yẹn bo orí àti kámẹ́rà pọ̀. Ẹ bọ́ awò oòrùn kúrò lójú, pàápàá èyí tí wọ́n kọ polarized sí lára, torí ó lè sọ ojú kámẹ́rà di dúdú pátápátá, ẹ ó sì rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ṣí histogram, àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín nínú fọ́tò hàn láti dúdú lápá òsì dé funfun lápá ọ̀tún. Òkè rẹ̀ kò gbọdọ̀ fara ti ògiri apá ọ̀tún. Bí ibi kékeré kan bá ń ṣẹ́jú níbi tí oòrùn ti kọ mànà lára irin, kò burú. Bí odindi apá bàálù bá ń ṣẹ́jú, ẹ padà lọ ṣàtúnṣe.

4. Ṣọ́tà fún bàálù kọ̀ọ̀kan

Jẹ́ẹ̀tì kò ní wàhálà. Láti 1/1000 sí 1/2000 ló tó, kò ní abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níta.

Wàhálà wà lára bàálù alábẹ̀bẹ̀ àti hẹlikọ́pítà. Bí ẹ bá yà wọ́n ní 1/1000, abẹ̀bẹ̀ á dúró gbagidi, bàálù á dà bí èyí tí wọ́n fi okùn so rọ̀ sókè. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 1/250 fún alábẹ̀bẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn, 1/160. Fún hẹlikọ́pítà, 1/125 tàbí kó tún lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Àmọ́ nínú oòrùn bẹ́ẹ̀, 1/125 ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé púpọ̀. Kódà ní ISO 100, ẹ máa ní láti pa ihò lẹ́ńsì dé f/16. Níbẹ̀, fọ́tò kì í mú mọ́, gbogbo eruku tó wà lójú sẹ́ńsọ̀ á sì jáde bí àmì dúdú lójú ọ̀run. Ìdí tí ẹ fi mú ND8 wá nìyí. Ẹ fi í síwájú lẹ́ńsì, ẹ ó lè ṣí ihò padà sí f/5.6 ní 1/125 kan náà. Bí wọ́n bá kéde pé jẹ́ẹ̀tì ló kàn, ẹ yọ ọ́.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn láti lo fílítà polarizer kí ojú ọ̀run lè dúdú dáadáa. Èmi ò gbà. Ó lè mú kí àwọ̀ òṣùmàrè hàn lára gíláàsì tó bo awakọ̀, ó ń jẹ́ kí ìhà kan ojú ọ̀run dúdú ju èkejì lọ, gbogbo ìgbà tí bàálù bá sì yí ọ̀nà padà lẹ máa tún un yí. Kò sí àyè fún ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ṣọ́tà aláìdún ti kámẹ́rà ìgbàlódé. Ó máa ń tẹ abẹ̀bẹ̀ kọrọdọ. Ẹ lo ṣọ́tà tó ń dún.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fẹ fọ́tò náà lójú. Abẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ yí bìrìpó, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lè ka lẹ́tà ara bàálù. Bí méjèèjì bá mú, ẹ dín ṣọ́tà kù. Bí méjèèjì bá rí wúruwùru, ẹ gbé e sókè ní ìgbésẹ̀ kan.

5. Fókọ́ọ̀sì

AF-C (fókọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ lé ohun tó ń rìn láìdúró) ni kí ẹ lò, tàbí AI Servo bó bá jẹ́ Canon. Ẹ yan àkójọ àmì ìfókọ́ọ̀sì àárín, kì í ṣe àmì kékeré kan ṣoṣo, torí bí bàálù bá yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ojú ọ̀run aláwọ̀ kan ló kù, lẹ́ńsì kò sì ní rí ohun tí yóò dì mú níbẹ̀. Yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, bàálù á ti kọjá.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró máa tẹ bọ́tìnnì sí ojú ọ̀run. Ẹ yíjú sí ilé gíga kan lókèèrè, ẹ jẹ́ kí lẹ́ńsì mú un, kí ẹ tó padà sókè. Bí lẹ́ńsì yín bá ní bọ́tìnnì tó ń dín ibi tó ń wá fókọ́ọ̀sì kù, ẹ yí i sí ti ọ̀nà jíjìn.

6. Títẹ̀ lé bàálù

Ẹsẹ̀ ni ìṣòro, kì í ṣe ọwọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ẹsẹ̀ síbi tí bàálù ti ń bọ̀. Nígbà tó bá dé iwájú wọn gan-an, ìbàdí wọn á ti yí dópin, kámẹ́rà á gbọ̀n. Ẹ kọ ẹsẹ̀ síbi tí ẹ *fẹ́ ya* bàálù náà, kí ẹ wá fi ìbàdí yí padà lọ pàdé rẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀ ni ara yín á máa tú. Ẹ fi ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ẹ yà á ní mẹ́ta sí márùn-ún léraléra, ẹ simi, ẹ tún yà. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọnin á rí i pé kámẹ́rà dákẹ́ nígbà tí bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ̀gbẹ́.

Ohun tí ẹ lè fi dánrawò wà lẹ́yìn yín: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí DuSable Lake Shore Drive. Ẹ dúró síbi tí kò léwu, ní 1/125, kí ẹ yà wọ́n títí ẹ ó fi rí ọkọ̀ tó mú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń sá.

Ìkìlọ̀ tí kò ní àwàdà: Ẹ má ṣe tẹ̀ lé bàálù dé ojú oòrùn. Lẹ́ńsì 400mm ń kó oòrùn jọ sójú kan; nínú kámẹ́rà tí ẹ ń fojú wo inú ihò gíláàsì rẹ̀ (DSLR), ó lè fọ́ ojú yín. Nínú èyí tí kò ní díńgí (mirrorless), ó lè ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́. Bí bàálù bá ti ń lọ sí ìhà oòrùn, ẹ sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ tó ń fi awò awọ̀nàjíjìn wòran pẹ̀lú.

7. Ẹ dúró de ìmọ́lẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ló ya fọ́tò tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ máa nù dànù.

Oòrùn ọ̀sán ń bọ̀ láti òkè. Bí bàálù bá ń fò gbọọrọ lókè orí yín, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gba oòrùn, ikùn rẹ̀ ni ẹ̀yin ń wò. Kò sí ètò kámẹ́rà tó lè tún ìyẹn ṣe dáadáa. Ẹ jẹ́ kó kọjá, kí ẹ fi ojú lásán gbádùn rẹ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ dúró dè ni ìgbà tí bàálù bá sọ apá tó wà lọ́dọ̀ yín kalẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wá kọjú sí èrò. Ẹ wo etí apá tó wà níwájú: bí ẹ bá ti rí i tí ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti ibẹ̀ wá sí àárín, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì nìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ara rẹ̀ á tàn, ẹ ó rí ìlà yẹ́lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà ìrù, ẹ ó rí àṣíborí awakọ̀ tó yí orí sí ìhà kan nínú gíláàsì.

Ẹ fetí sí olùkéde. Nígbà tó bá dárúkọ «photo pass», awakọ̀ náà fẹ́ ṣe ìyípo gígùn kan tí ẹ̀yìn bàálù máa hàn fún gbogbo èrò. Kò sí àǹfààní tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tí bàálù ń gbà wá náà ń ṣe pàtàkì. Lọ́wọ́ aago kan, oòrùn wà ní gúúsù. Bàálù tó ń bọ̀ láti àríwá, ìyẹn láti ọwọ́ òsì yín, kọjú sí oòrùn: imú rẹ̀ tàn, gíláàsì rẹ̀ tàn. Èyí tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, ìrù ni oòrùn ń tàn sí, imú wà nínú òjìji. Nítorí náà ẹ fi ọ̀pọ̀ àyè káàdì yín pa mọ́ fún àwọn tó ń ti òsì bọ̀. Àwọn tó ń ti ọ̀tún bọ̀, ẹ yà wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọjá yín, nígbà tí wọ́n bá ń gòkè.

Nígbà tí Blue Angels mẹ́rin tó tò bí dáyámọ́ńdì bá ti kọjá lọ, ẹ má ṣe tẹ̀ lé wọn lọ títí. Nọ́ńbà 5 àti nọ́ńbà 6 ni wọ́n ń fò lọ́tọ̀, wọ́n sì máa ń já wọlé láti ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò sí. Ẹ ó gbọ́ ariwo èrò kí ẹ tó gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rinrin bá pọ̀, bí jẹ́ẹ̀tì bá fà lójijì, ìkùukùu funfun á là lórí apá rẹ̀, á sì parẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àárín ìyípo ni kí ẹ ti yà á, kì í ṣe òpin rẹ̀.

Kí ni kí ẹ wá ṣe ní òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn ń ta yín lójú? Ẹ ya èéfín, tó máa ń dára bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ ya àwọn Golden Knights, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń fi páráṣúùtì já bọ́: oòrùn tó bá wá láti ẹ̀yìn aṣọ wọn ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ yọ bí iná.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ wo fọ́tò mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn. Bí ẹ kò bá lè rí ojú gíláàsì awakọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀ ń tètè tẹ̀ ẹ́ jù.

8. Ooru tó ń mì

Bàálù kan lè wà lókèèrè nílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbogbo etí rẹ̀ á máa mì. Ooru tó ń gòkè láti orí iyanrìn àti òrùlé ọkọ̀ ló fà á. Lẹ́ńsì tó gùn sí i kò lè wò ó sàn, ṣe ni yóò jẹ́ kí ẹ rí ooru náà dáadáa sí i. Ẹ dúró kó sún mọ́ yín tàbí kó gòkè. Bí fọ́tò àwọn tó sún mọ́ bá mú, tí ti àwọn tó jìnnà kò mú, ẹ má yọ kámẹ́rà lẹ́nu.

Ẹni tó ní fóònù nìkan

Ẹ má ṣe fi zoom fóònù sún bàálù mọ́ra. Ẹ tẹ ojú fóònù pẹ́ títí yóò fi ti fókọ́ọ̀sì àti ìmọ́lẹ̀ pa, kí ẹ fa ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ ya ìlà èéfín lókè adágún pẹ̀lú èrò nísàlẹ̀. Irú fọ́tò yẹn, fóònù lè ṣe é ju lẹ́ńsì ńlá lọ.

9. Nígbà tí ẹ bá délé

Ẹ da fọ́tò sí kọ̀ǹpútà, kí ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo èyí tí kò mú, láìṣàánú. Nínú èyí tó kù, ẹ fa Highlights (ibi tó mọ́lẹ̀ jù) sísàlẹ̀, ẹ gbé Shadows (ibi tó ṣókùnkùn) sókè títí ikùn bàálù á fi yọ díẹ̀. Bí ẹ bá gbé e jù, hóró-hóró á jáde. Ẹ mú kí ìlà omi adágún dọ́gba. Bí ẹ bá ń gé e, ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú imú ju ẹ̀yìn ìrù lọ. Ẹ wá àmì eruku lójú ọ̀run, kí ẹ pa á rẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà RAW síbi méjì kí ẹ tó nu káàdì.